Àga Ẹlẹ́sẹ̀ Kan ní Ìdí-Ayin

Kò sí ẹni tó mọ Ẹfúntọ́lá ní Ìdí-Ayin tí kò mọ̀ pé obìnrin náà mọ iyì ara rẹ̀. Kì í rìn kó tẹ orí ba. Bó bá ń ti odò bọ̀ tó ru ìkòkò omi, ẹ ó rò pé adé ni wọ́n fi dé e lórí. Àwọn ọmọdé a máa sín in jẹ lẹ́yìn, àwọn ìyá wọn a sì máa là wọ́n ní pàṣán, nítorí pé opó Làńgbàyí gbẹ́nàgbẹ́nà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìlú náà. Làńgbàyí ni ó ṣe òfin tí gbogbo onílé Ìdí-Ayin fi ń jókòó, òun náà ló sì gbẹ́ àga tí wọ́n ń jókòó lé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìlú náà ti rí, kí ọ̀rọ̀ mi má baà dojú rú mọ́ yín lọ́wọ́. Àwọn tí ogun lé kúrò ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pàdé nídìí igi ayin ńlá kan, tí kálukú mọ ilé tirẹ̀ ti ilé ẹnìkejì títí ilé fi yí igi náà ká. Ògiri kan náà ni ilé méjì ń pín. Omi òrùlé ẹnìkan ń kán sí àgbàlá ẹlòmíràn. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbà wọlé tí wọ́n ń gbà jáde. Kò sí ọba níbẹ̀, kò sì sí ìdílé olóyè. Onílé ni gbogbo wọn, onílé kan kò sì ju onílé kan lọ. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ dùn ún gbé, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ ohùn akéde ló ń wá sí ìpàdé. Baálé kan yóò wá, yóò gbà níwájú gbogbo ayé pé òun yóò so ewúrẹ́ òun mọ́lẹ̀. Bó bá délé, kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kejì, ewúrẹ́ á tún wà nínú ẹ̀fọ́ aládùúgbò. Tí wọ́n bá bi ìyàwó rẹ̀, á ní, "Ta ló gbà bẹ́ẹ̀? Ó ṣojú ta ni?" Ọkọ náà á dúró sẹ́yìn rẹ̀, á máa wo òkè bí ẹni tí kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Wọ́n jà, wọ́n jà, ó kù díẹ̀ kí wọ́n dáná sun ara wọn mọ́lé.

Nígbà tó sú Làńgbàyí, ó gbé àáké, ó wọ igbó lọ. Igi tó gé bọ̀ ló fi gbẹ́ àga kọ̀ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan, ó sì tò wọ́n sábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ta sídìí ayin. Àga náà ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Pákó gígùn ni, ẹsẹ̀ kan péré ló sì ní, ní àárín gbùngbùn.

"Làńgbàyí, àga rẹ kò tí ì parí o," ni wọ́n ń wí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ó ti parí," ni ó dáhùn. "Ẹni méjì ni yóò máa jókòó lé e, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Kí wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé tí ẹni méjì bá ti wá, ilé náà ti wá nìyẹn. Etí ẹnìkan lè gbọ́ kó gbàgbé, ẹnìkejì á rán an létí. Ẹni tó bá dá wá, kó dúró, kó gbọ́, ṣùgbọ́n kò ní ẹnu láti fi gba nǹkan fún ilé, kò sì ní ẹnu láti fi kọ̀ ọ́."

"Bí ẹnìkan bá wá jókòó sí àárín gbùngbùn ńkọ́?" Ọlọ́gbọ́n àṣejù kan kò ní í ṣaláì bèèrè bẹ́ẹ̀.

Làńgbàyí rẹ́rìn-ín, ó nàka sí àárín pákó. Ó ti gbẹ́ àkùkọ kan síbẹ̀, kékeré ni, ṣùgbọ́n ó na ogbe rẹ̀ ṣóńṣó sókè. "Ẹni tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀," ni ó wí, "kó kọ́kọ́ bi ìdí rẹ̀ léèrè."

Bí òfin náà ṣe fìdí múlẹ̀ nìyẹn. Àjàó akéde yóò yí ìlú ká kó tó di ọjọ́ ìpàdé, nítorí pé ìpàdé tí wọn kò bá kéde, wọn kì í kà á sí ìpàdé. Lọ́jọ́ náà, yóò dúró lẹ́nu àtíbàbà. Àwọn méjì tó ti ilé kan wá yóò ké sí i pé, "Àwá dé o!" Yóò bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin ta?" Kálukú yóò sọ orúkọ ara rẹ̀, Àjàó yóò sì ní, "Ẹ wọlé, ẹ jókòó." Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ wá gbọ́dọ̀ gbé e wá láti orí àga ilé rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò bá ti orí àga wá, ilẹ̀ ni yóò sùn. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kan ilé ẹnìkan gan-an, wọn kò gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ nígbà tí àga ilé náà ṣófo, àfi bí wọ́n bá pè é títí di ẹ̀ẹ̀kẹta tí kò jókòó. Àwọn ará ìlú ńlá a máa wá wòran wọn. Wọn a rí ìlú tí kò ní ọba, tí wọn kò sì nílò ẹgba láti fi pa á lẹ́nu mọ́. Àwọn ará Ìdí-Ayin a sì máa gbéraga. Ta ni kò ní í gbéraga sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Ẹfúntọ́lá ni ó máa ń bá Làńgbàyí jókòó. Apá ọ̀tún ni tirẹ̀. Ó mọ ìgbà tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ dìde kí ọkùnrin náà tó mí sí i.

Làńgbàyí wá kú lọ́dún kan tí òjò pọ̀. Ayọ̀ká, ìyàwó rẹ̀ kékeré, kò sí nílé. Ó lọ wo ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá ní ìlú wọn, odò sì kún dí ọ̀nà. Ẹfúntọ́lá kò ránṣẹ́, kò sì dúró. Òun nìkan ló mú yàrá ẹ̀yìn, òun nìkan ló ní kí wọ́n gbẹ́lẹ̀ síbẹ̀, ó sì sin ọkọ rẹ̀. Nígbà tí Ayọ̀ká fi máa dé, ilẹ̀ tí wọ́n ti rẹ́ ló bá.

"Ìyáálé mi, ẹ kò lè ránṣẹ́ pè mí?" Gbogbo ohun tó bèèrè kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹfúntọ́lá, pẹ̀lú ọrùn rẹ̀ gbọọrọ yẹn, dá a lóhùn pé, "Òkú kì í dúró de ẹni tó lọ sílé ìyá rẹ̀."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Láti ọjọ́ náà, àwọn obìnrin méjèèjì ń gbé inú ilé kan náà bí àlejò. Ààrò méjì ni wọ́n ń dá. Ọ̀kan á jáde kí èkejì tó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin wọn ti relé ọkọ ní ọ̀nà jíjìn, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ilé ńlá náà tí yóò là wọ́n. Àga Làńgbàyí sì ṣófo lábẹ́ àtíbàbà.

Ẹni tó fi ojú sí àga tó ṣófo náà ni Adékambì. Òun ni Olórí Ìjókòó nígbà náà. Iṣẹ́ Olórí Ìjókòó kò ju kó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kó sì parí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n oyè kékeré yẹn ti kó sí ọkùnrin náà lórí. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á ní, "Ẹ bu omi fún wa." Bí oorun bá ń kùn ún, á ní, "Àwa fẹ́ sùn." Lálónpé ìyàwó rẹ̀ a sì máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá òun á rí àwọn yòókù.

Ohun tí Adékambì ń fẹ́ ni ẹnu ọ̀nà kejì, èyí tí yóò kọjú sí ọ̀nà àwọn oníṣòwò, tí yóò sì gba iwájú ilé tirẹ̀ wọ ìlú. Ó fẹ́ kí àwọn àlejò máa rí ilé òun kí wọ́n tó rí ilé ẹnikẹ́ni. Ilé kan ṣoṣo ló dí ọ̀nà náà. Ilé Làńgbàyí ni, àti yàrá ẹ̀yìn gan-an tí ojú oórì rẹ̀ wà.

Nígbà tí Àjàó kéde ìpàdé, Ẹfúntọ́lá wọ aṣọ rẹ̀ tó dára, ó wé gèlè, ó sì dá lọ. Ó dúró lẹ́nu àtíbàbà, ó ní, "Mo dé." Kò parọ́. Àjàó wolẹ̀, ó sì yà fún un. Ó lọ dúró ti àga ọkọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kan lé orí àkùkọ rẹ̀, ó sì ń gbọ́ bí Adékambì ti ń sọ ibi tí wọn yóò ti wó ògiri àti ibi tí wọn yóò ti la ọ̀nà. Nígbà tó kan yàrá ẹ̀yìn, kò lè mú un mọ́ra.

"Ojú oórì ọkọ mi ló wà níbẹ̀!"

Adékambì gbé ọwọ́ sókè. "Òfin ọkọ rẹ ni, kì í ṣe tèmi. Dúró, kí o gbọ́."

Ojú ti àwọn tó jókòó. Ọ̀kan nínú wọn rọra sọ pé, "Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀, opó ni." Àwọn mìíràn ti ń mi orí. Bí ó bá jẹ́ èmi tàbí ẹ̀yin ni, a ó gba àánú náà kíá, a ó sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Ẹfúntọ́lá na ọrùn rẹ̀.

"Ẹ ṣé," ni ó wí. "Ẹ má tìtorí mi tẹ òfin Làńgbàyí lójú. Bó ṣe ní kí ẹni tó dá wá dúró, èmi náà yóò dúró." Ó sì dúró títí ìpàdé fi tú.

Ẹ̀ẹ̀kejì rí bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò kan fẹ́ yá a ní ọmọ rẹ̀ obìnrin tí yóò bá a jókòó. Ó ní òun dúpẹ́, àga ilé òun kì í ṣe ibi tí wọ́n ń fi èèyàn yíyá dí, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni yóò jókòó níbẹ̀. Adékambì gbọ́, ó sì wú ọ̀fun rẹ̀. "Ó di ìpàdé kẹta," ni ó wí. "Bí àga yìí bá tún ṣófo, àwa yóò pinnu."

Kò tilẹ̀ dúró de ìpàdé kẹta. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ẹfúntọ́lá wọ yàrá ẹ̀yìn láti gbé apẹ̀rẹ̀, ó rí èèkàn tuntun tí wọ́n ti kàn mọ́ ìta ògiri, ṣóńṣó rẹ̀ yọ wọ inú ilé. Ibẹ̀ ni Adékambì fẹ́ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí wó o. Kò ju ẹsẹ̀ bí i mélòó kan lọ sí ibi tí orí Làńgbàyí wà. Ibẹ̀ ló wà tó fi rí i pé òun nìkan kọ́ ló wà nínú yàrá.

Ayọ̀ká wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú òkùnkùn igun kejì. Ó ń fi ẹlẹ́bọ́tọ màlúù pa ilẹ̀ ojú oórì náà, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ dán an, bí wọ́n ti ń dán ilẹ̀ yàrá ìyàwó. Ẹfúntọ́lá ti máa ń rí i pé ilẹ̀ náà ń dán. Kò bi ara rẹ̀ léèrè rí pé ta ló ń ṣe é.

"Ayọ̀ká."

"Ẹ kú àárọ̀, ìyáálé mi." Kò gbé ojú sókè.

"Ìwọ lo ń pa ilẹ̀ yìí láti ọjọ́ yìí?"

"Ta lẹ rò pé ó ń pa á? Afẹ́fẹ́ ni?"

Ẹfúntọ́lá gbé e mì. "O rí èèkàn yẹn?"

"Mo rí i. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ fún wọn láyè. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń dá pinnu nínú ilé yìí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ṣinṣin. Èsì kò wọ́n Ẹfúntọ́lá. Ẹnu rẹ̀ mú, gbogbo ìlú mọ̀. Ó sì ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n ó wo ilẹ̀ tó ń dán yẹn, ó wo àtẹ́lẹwọ́ Ayọ̀ká tí ẹlẹ́bọ́tọ ti bò, ó sì pa ẹnu dé. Ó kó ìró rẹ̀ jọ, obìnrin tí kì í jókòó sílẹ̀ lásán yìí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Mo dá a ṣe," ni ó wí. "Kò yẹ kí n dá a ṣe. Odò kún lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe odò. Mo mọ̀ pé bí o bá dé, n ó sunkún níwájú rẹ, n kò sì fẹ́ kí o rí ẹkún mi. Òun náà nìyẹn. Ìgbéraga ni, kì í ṣe nǹkan mìíràn."

Ayọ̀ká dẹ́kun iṣẹ́. "Ìyáálé mi, ẹkún yín gan-an ni mo fẹ́ rí nígbà náà. Èmi nìkan ni mo sun tèmi nínú yàrá mi. Mo rò pé ẹ kò sunkún rárá."

Wọ́n wá sun ún pọ̀, ẹkún tó ti pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, Ẹfúntọ́lá nu ojú. "Ṣé o máa bá mi lọ sórí àga?"

"Apá wo ni kí n jókòó sí?"

"Apá ọ̀tún ni tèmi. Ibi tí òun máa ń jókòó sí ló kù. Ìwọ ló ni ín."

Ayọ̀ká nawọ́ fa èèkàn náà, kò tu. Wọ́n jọ gbá a mú, wọ́n jọ fà á, kò tún tu. Ayọ̀ká ní, "Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ẹni tó kàn án ni yóò fà á tu."

Ẹ má rò pé jíjókòó lórí àga yẹn rọrùn o. Ayọ̀ká kò jókòó lórí rẹ̀ rí. Wọ́n gbé pákó lé ìdí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń kọ́ ara wọn. Bí Ẹfúntọ́lá bá jókòó, Ayọ̀ká á fò sókè. Bí Ayọ̀ká bá dìde láìsọ, ìyáálé á di ẹni ilẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan tí Ẹfúntọ́lá ṣubú tí gèlè rẹ̀ bo ojú, Ayọ̀ká fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rù bà á pé òun ti rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ìyáálé ló kọ́kọ́ bú jáde lábẹ́ gèlè. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn aládùúgbò fi yọjú lórí ògiri, tí wọ́n ń wo ara wọn, tí wọn kò gba ojú wọn gbọ́. Ìgbà tó yá, wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́ kí wọ́n tó jókòó. Wọ́n kàn ń wo ojú ara wọn.

Ọjọ́ ìpàdé kẹta pé. Ìdí-Ayin kún. Gbogbo àga ló ti ní ẹni méjì méjì, àyàfi àga méjì. Àwọn ènìyàn gbọ́ ohùn obìnrin méjì lẹ́nu àtíbàbà, ohùn náà sì dọ́gba.

"Àwá dé o!"

Àjàó ta gìrì. Ó mọ ohùn kan, ó mọ èkejì, kò gbọ́ wọn pọ̀ rí. "Ẹ̀yin ta?"

"Ẹfúntọ́lá, aya Làńgbàyí."

"Ayọ̀ká, aya Làńgbàyí."

"Ẹ wọlé," ni Àjàó wí, "ẹ jókòó."

Wọ́n rìn wọlé láàárín gbogbo ènìyàn. Wọ́n dúró ní ìpẹ̀kun pákó méjèèjì, wọ́n wo ojú ara wọn, wọ́n sì jókòó. Pákó kò mì. Àgbà kan tó ti bá Làńgbàyí mọ ilé àkọ́kọ́ ní ìlú náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, kò sì fi pa mọ́. Inú Ẹfúntọ́lá dùn jọjọ. Ẹnikẹ́ni kò ṣàánú rẹ̀ dé orí àga yìí. Òfin ọkọ rẹ̀ ló gbé e débẹ̀.

Adékambì ni ó máa ń dé kẹ́yìn, kí gbogbo ènìyàn lè dúró dè é. Ó dé nínú agbádá rẹ̀ tó ń gbá ilẹ̀, ó gbé àyà síwájú, ó sì ké pé, "Àwá dé o!"

"Ẹ̀yin ta?" ni Àjàó bèèrè, gẹ́gẹ́ bó ti ń bi gbogbo ènìyàn.

"Èmi Adékambì, àti…" Ó dúró kí Lálónpé sọ orúkọ tirẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó bojú wẹ̀yìn. Lálónpé dúró ní ọ̀ọ́kán nídìí igi ayin, ó ká ọwọ́ lé àyà.

"Lálónpé, wá ká wọlé. Wọ́n ń dúró dè wá."

"Baálé mi," ni Lálónpé dá a lóhùn, kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ, "nígbà tí ẹ̀ ń gbìmọ̀ ọ̀nà yìí, ẹ kò bi mí. Nígbà tí ẹ rán ènìyàn lọ kan èèkàn mọ́ ojú oórì olóòótọ́, ẹ kò bi mí. Bí wọ́n bá lè gba orí Làńgbàyí la ọ̀nà lónìí, ta ni yóò ní kí wọ́n má gba orí tiwa lọ́la? Ẹ dá a gbìmọ̀. Ẹ lọ dá jókòó lé e."

"Háà!" ni gbogbo àtíbàbà wí.

Òógùn bo iwájú orí Adékambì. Bó bá ní, "Mo dé," bó bá dúró kó gbọ́, ìtìjú ibẹ̀ ì bá mọ níwọ̀n. Ìpàdé mìíràn á sì tún wà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ẹsẹ̀ wọn kì í mọ̀ ọ́n fà sẹ́yìn.

"Àjàó, yà lọ́nà! Olórí Ìjókòó ni mí. Èmi nìkan tó odindi ilé kan, mo tún ṣẹ́ kù."

"Ẹ jọ̀wọ́, Baba, òfin—"

"Mo ní àwá dé!"

Ó fi agbádá gbá Àjàó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọlé, ó sì fi gbogbo agbára bu ìdí lé apá ibi tó máa ń jókòó sí, bí ẹni tó fẹ́ fi àga náà hàn pé òun ni olówó rẹ̀. Àga náà kò mọ olórí. Apá kejì fò sókè, tirẹ̀ lọ sílẹ̀, ọkùnrin náà sì balẹ̀ gbì! Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lókè, agbádá bò ó mọ́lẹ̀, fìlà rẹ̀ sì yí lọ gbirigbiri títí ó fi dúró níwájú àga Làńgbàyí.

Ẹ̀rín tó bú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà lóko gbọ́ ọ. Ẹfúntọ́lá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Ayọ̀ká, Ayọ̀ká wò ó, wọ́n sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹfúntọ́lá bẹ̀rẹ̀, ó mú fìlà náà, ó gbọn eruku rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ẹni tó ni ín.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni ó wí. "Òfin ọkọ mi ni, kì í ṣe tèmi. Ẹ dúró, kí ẹ gbọ́."

Adékambì dìde dúró. Òun náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ó dúró ti àga rẹ̀, fìlà lọ́wọ́, níbi tí Ẹfúntọ́lá ti dúró lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí pé kò sí ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà wá láti orí àga, ọ̀rọ̀ náà sùn sílẹ̀. Àjàó sì kéde rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà ni Lálónpé tó wọlé. Ó lọ dúró sí apá tirẹ̀ nídìí àga. "Baálé mi," ni ó wí, "ṣé ká jókòó wàyí?" Adékambì rẹ ọrùn sílẹ̀. Wọ́n jókòó pọ̀, pákó sì dúró. Ọkùnrin náà tẹ ẹnu mọ́ etí ìyàwó rẹ̀, ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan, Lálónpé sì mi orí. Adékambì wá sọ fún ìjókòó pé ilé òun kò wá ẹnu ọ̀nà mọ́, àti pé òun fúnra òun ni yóò lọ fa èèkàn náà tu. Ó sì fà á tu kí ilẹ̀ tó ṣú, Ẹfúntọ́lá àti Ayọ̀ká sì jọ dúró wò ó.

Àwọn ọmọ Ìdí-Ayin sọ ọ́ di eré. Ọ̀kan á wú àyà, á ké pé òun àti àwọn ènìyàn òun dé, àwọn yòókù á bi í pé, "Ẹ̀yin ta?" Á bojú wẹ̀yìn, kò ní í rí ẹnikẹ́ni, á sì ṣubú lulẹ̀ gbì! Eré náà dé àwọn ìlú tó yí wọn ká, ó dé ọjà, ó dé ààfin àwọn tó ní ọba pàápàá. Títí di òní olónìí, bí àgbàlagbà bá rí ẹni tó dá gbìmọ̀, tó dá pinnu, tó sì fẹ́ ṣe é ní orúkọ gbogbo ìlú, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sì pa á lówe fún un pé: ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.